Ta ló ń dìbò ní Jackson Hole? Ìtàn ìbò ààrẹ ní kántì Teton

Láti ọdún 2004, ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ti dìbò ààrẹ tán l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n wá gbé máàpù ìpínlẹ̀ Wyoming jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, pupa ló máa ń kún un fọ́fọ́, ìyẹn pupa tí wọ́n fi ń ṣàmì ẹgbẹ́ Republican, àfi ibì kan báyìí lápá òsì lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Idaho, tó máa ń dá dúró ní búlúù, àwọ̀ ẹgbẹ́ Democrat. Kántì Teton nìyẹn, kántì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ibẹ̀ ni ìlú Jackson wà, ibẹ̀ ni àfonífojì Jackson Hole wà, àwọn òkè Teton tó rí ṣóńṣó, ọgbà Grand Teton, àti apá kan tó tóbi nínú Yellowstone. Ibẹ̀ náà ni àwọn olówó Amẹ́ríkà ń sá lọ kọ́lé sí. Tẹ́ ẹ bá wo ìṣirò ìjọba àpapọ̀ lórí owó tó ń wọlé, tí wọ́n bá pín in kan èèyàn kọ̀ọ̀kan, ó ti pẹ́ tí Teton ti ń gba ipò kìíní nínú gbogbo kántì Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ wọ́n lé ní 3,000 o.

Àwọn èèyàn á wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Àwọn kan á ní olówó tó bá kàwé dáadáa kì í ṣe Republican mọ́ láyé ìsinsìnyí, àwọn míì á ní ojú ló ń ti àwọn olówó ibẹ̀, wọ́n ń fi ìbò wẹ̀ ẹ́ nù. Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi. Mo ṣiṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ní Jackson fúngbà díẹ̀, mo mọ àwọn tó ń gbébẹ̀, mo sì mọ àwọn tó ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ wá ṣiṣẹ́ tí wọ́n á tún padà lọ sùn síbòmíì, ohun tí mo wá rí ni pé ká tó máa bèèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ń dìbò báyẹn, ká kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló kù níbẹ̀ tó lè dìbò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, mo sì máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látẹ̀yìn wá díẹ̀, ẹ ní sùúrù fún mi.

Níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń sin màlúù ló ni àfonífojì yìí. Ọdún 1921 ni wọ́n yọ Teton kúrò lára kántì Lincoln. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, àwọn ará Jackson ti dìbò yan obìnrin nìkan sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú wọn, Grace Miller ni wọ́n fi ṣe méyọ̀, obìnrin míì tó ń jẹ́ Rose Crabtree tiẹ̀ fẹ̀yìn ọkọ ara ẹ̀ gbolẹ̀ nínú ìbò ọ̀hún. Wyoming fúnra ẹ̀ ti fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò látọdún 1869, kò tíì di ìpínlẹ̀ pàápàá nígbà yẹn. Mò ń sọ èyí káwọn èèyàn má rò pé ibi tí wọn ò ti mọ òṣèlú ni, pé àwọn olówó ló wá là wọ́n lójú.

Ṣùgbọ́n ọdún 1943 ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ gan-an. John D. Rockefeller Jr. ti ń ra ilẹ̀ káàkiri àfonífojì náà lábẹ́nú láti àwọn ọdún 1920, kọ́ńpínì kan tó ń jẹ́ Snake River Land Company ló fi bojú káwọn tó ń tà á má bàa mọ̀ pé òun ni, ìdí ni pé ó fẹ́ fà á lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n fi ṣe ọgbà fún gbogbo ará ìlú. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ò fẹ́ gbọ́, ni Ààrẹ Franklin Roosevelt bá fi àṣẹ ara ẹ̀ kéde Jackson Hole National Monument ní March 1943. Inú wá bí àwọn ará ibẹ̀ o! Wọ́n kó màlúù tó lé ní 500 jọ, wọ́n dà wọ́n gba orí ilẹ̀ náà kọjá láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn míì, Wallace Beery tó gbajúmọ̀ nínú fíìmù nígbà yẹn wà lórí ẹṣin láàárín wọn. Cliff Hansen náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó ń sin màlúù ni nígbà yẹn, òun ló padà di gómìnà Wyoming tó tún di sẹ́nétọ̀, nígbà tó sì dàgbà ó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ó dáa báwọn ṣe pàdánù ìjà yẹn. Lọ́dún 1950 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà pọ̀ mọ́ Grand Teton, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ààrẹ kankan ò gbọ́dọ̀ dá irú àṣẹ yẹn pa ní Wyoming mọ́ àfi tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bá fọwọ́ sí i, òfin ọ̀hún sì wà níbẹ̀ dòní.

Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ta ni wọ́n máa dìbò fún? Ẹni tó bá ní òun máa jẹ́ kí Washington jìnnà sí wọn ni. Nixon jẹ níbẹ̀, Ford jẹ níbẹ̀, Reagan jẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Wyoming lápapọ̀, ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n dìbò fún Democrat sípò ààrẹ ni 1964, ìgbà Lyndon Johnson, látìgbà yẹn wọn ò tún wẹ̀yìn mọ́.

Ẹ wá fi ọkàn sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ìjà ilẹ̀ tí wọ́n pàdánù yẹn, òun ló sọ àfonífojì náà di góòlù. Nǹkan bí 97% nínú ilẹ̀ kántì Teton ló wà lọ́wọ́ ìjọba, ọgbà ni, igbó ìjọba ni, ibi tí wọ́n ya sọ́tọ̀ fún àwọn ẹranko elk ni, ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ ohunkóhun sórí ẹ̀. 3% tó ṣẹ́ kù ni gbogbo èèyàn jọ ń dù. Nígbà tí ibi síkì tó wà ní Teton Village ṣí láàárín àwọn ọdún 1960, tí bàálù sì lè balẹ̀ sínú ọgbà náà gan-an (òun nìkan ni pápákọ̀ òfuurufú tó ń gbé èrò tó wà nínú ọgbà irú ẹ̀ l'Amẹ́ríkà), àwọn tó ní owó lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Látọdún 1982 ni ẹ̀ka báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní Kansas City ti ń kó àwọn ọ̀gá báńkì àgbáyé wá sí Jackson Lake Lodge lọ́dọọdún ní August láti sọ̀rọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Bill Clinton wá síbẹ̀ wá sinmi ní 1995, ó tún padà wá ní 1996. Lọ́dún 1990 àwọn tó ń gbé kántì yẹn lé díẹ̀ ní 11,000, nígbà tó fi máa di 2020 wọ́n ti di 23,331. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́.

Níbi tọ́rọ̀ ti wá dùn ni ọdún 2000.

Dick Cheney, ọmọ Wyoming ni nídìí òṣèlú, òun ló ṣojú ìpínlẹ̀ náà nílé aṣòfin kékeré ní Washington látọdún 1979 sí 1989, ṣùgbọ́n lọ́dún 2000 Dallas ní Texas ló ń gbé, òun ni ọ̀gá Halliburton, kọ́ńpínì ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fáwọn tó ń wa epo. George W. Bush, gómìnà Texas, fẹ́ mú un ṣe igbákejì. Wàhálà wá wà níbẹ̀: Àtúnṣe Kejìlá nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà sọ pé àwọn tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ nínú Electoral College, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń dìbò yan ààrẹ gan-an, ò lè dìbò fún ààrẹ àti igbákejì tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ará ìpínlẹ̀ àwọn fúnra wọn. Texas ní ìbò 32. Ni Cheney bá gbéra ní July, ọjọ́ díẹ̀ kí Bush tó kéde ẹ̀, ó lọ sí Jackson, ó yí orúkọ ìdìbò ẹ̀ kúrò ní Texas, ó fi sí kántì Teton níbi tó nílé sí. Àwọn ará Texas mẹ́ta kan pe ẹjọ́ pé irọ́ ni, pé ará Texas ni, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Dallas dà á nù ní December. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nǹkan kékeré ni o, 271 ni Bush àti Cheney ní nígbẹ̀yìn, 270 lèèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó wọlé. Ká ní wọ́n yọ 32 yẹn kúrò lára ti Cheney, 239 ló máa ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tó kọ ní ọ́fíìsì kántì kékeré lórí òkè ló gbé e la gbogbo ẹ̀ kọjá.

Lọ́dún yẹn Teton dìbò fún wọn, Bush gba nǹkan bí 52%.

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, 2004, kántì kan náà yí padà, wọ́n fún John Kerry, ẹni tí Democrat fà kalẹ̀, ní nǹkan bí 53%. Ẹ tún un kà o. Igbákejì ààrẹ tó wà lórí oyè, tó nílé níbẹ̀, tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kántì tiẹ̀ gan-an ló kọ̀ ọ́. Nínú gbogbo kántì 23 tó wà ní Wyoming, Teton nìkan ni Kerry ti borí, Bush kó gbogbo àwọn yòókù, ó sì gba 69% ní gbogbo ìpínlẹ̀. Mi ò ro pé ìdí kan ṣoṣo ló wà. Ogun Iraq wà níbẹ̀, orúkọ Cheney sì wà lára ogun náà gbágbáágbá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìjọba náà wà níbẹ̀: kántì Sublette tó múlé gbè wọ́n ń gbẹ́ gáàsì lákòókò yẹn bí nǹkan míì, níbi tí wọ́n ń pè ní Jonah àti Pinedale Anticline, owó ń wọlé fún wọn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì wá ń bàjẹ́ lásìkò òtútù. Sublette ń jẹun lára ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, Teton ń jẹun lára kí ilẹ̀ yẹn rẹwà lójú àlejò. Ẹni tí oúnjẹ ẹ̀ wà lára ẹwà ilẹ̀ ò ní fẹ́ kí wọ́n máa lu ihò sí i, kò ní kí onítọ̀hún jẹ́ Democrat tàbí kó má jẹ́ ẹ kó tó mọ ìyẹn.

Látìgbà yẹn Teton ò padà sẹ́yìn mọ́. Obama gba nǹkan bí 61% níbẹ̀ ní 2008, ó rọlẹ̀ sí nǹkan bí 54% ní 2012 nígbà tó bá Romney du. Hillary Clinton gba nǹkan bí 58% ní 2016, ọdún yẹn náà Teton dá dúró, gbogbo kántì tó kù ní Wyoming ló bá Trump lọ. Ní 2020 Biden gba nǹkan bí 67%, ìgbà yẹn Albany tí yunifásítì wọn wà ló bá Teton ṣe búlúù, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ náà lápapọ̀ ló fún Trump ní ìdá tó pọ̀ jù lọ l'Amẹ́ríkà, nǹkan bí 70%. Ẹ wo bí kántì kan ṣe ń lọ síwájú, tí ìpínlẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, tàbí kẹ́ ẹ yí i padà, bí ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ràn bá ṣe rí.

Kí ló wá fà á? Àlàyé tèmi rèé, mo sì dúró lórí ẹ̀.

Wyoming ò gba owó orí lórí owó tó ń wọlé féèyàn. Kò sí rárá. Ẹni tó bá ń gbé California tàbí New York tówó gidi ń wọlé fún, tó bá lè fi hàn pé Wyoming ni ilé òun gan-an, owó tó máa ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè kàn fẹnu sọ pé òun ti kó lọ, àwọn tó ń gba owó orí níbi tó ti kúrò á yẹ̀ ẹ́ wò: ibo lo ti gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ọjọ́ mélòó lo sùn níbẹ̀, ibo lo ti ń dìbò. Ṣẹ́ ẹ ti rí i báyìí? Olówó tó kó wá nítorí owó orí, ara ohun tó máa fi jẹ́rìí pé òun ti di ará Wyoming ni pé kó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní Jackson. Ó sì lè jẹ́ Democrat láti San Francisco, Democrat náà ló máa bá dé, kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ̀rọ̀ kankan tó fi yí i lọ́kàn padà. Òfin owó orí táwọn Republican nífẹ̀ẹ́ jù lọ ní Wyoming, òun ló ń kó àwọn olùdìbò Democrat wọ Teton. Ìbò tí wọ́n dì ní gbogbo kántì náà ní 2020 ò pé 15,000, tẹ́gbẹ̀rún méjì èèyàn bá wọlé, tẹ́gbẹ̀rún méjì míì bá jáde, èsì ti yí nìyẹn.

Àwọn tó ń jáde ni mo fẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Ilé gidi kan ní Jackson, kì í ṣe ààfin, ilé tí tíṣà àti nọ́ọ̀sì ń gbé níbòmíì, ó ti kọjá mílíọ̀nù dọ́là kan tipẹ́tipẹ́. Economic Policy Institute ṣèwádìí kan jáde ní 2018, wọ́n ní nínú gbogbo Amẹ́ríkà, Teton ni àlàfo tó wà láàárín olówó àtàwọn yòókù ti fẹ̀ jù, pé ohun tó ń wọlé fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó lówó jù níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po tó lé ní 100 ti àwọn yòókù. Àwa tá à ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò nílò ìwádìí. Àárọ̀ kùtù ni bọ́ọ̀sì START máa ń kó àwọn èèyàn dé, èyí tó ń ti Driggs àti Victor bọ̀ ní Idaho á gun òkè Teton Pass tó ga tó 8,431 ẹsẹ̀ bàtà kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Wilson, èyí tó ń ti Alpine àti Star Valley bọ̀ á tọ etí odò Snake wá. Lásìkò yìnyín, ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, fìlà ti bo gbogbo orí, oorun ṣì wà lójú, ife kọfí wà lọ́wọ́, ẹlòmíì á ti wọ yunifọ́ọ̀mù hòtẹ́ẹ̀lì sábẹ́ kóòtù nílé. Alásè ni wọ́n, kápẹ́ńtà ni wọ́n, awakọ̀ ni wọ́n, àwọn kan ọlọ́pàá àti oníṣẹ́ ọsibítù pàápàá. Nígbà tí ọ̀nà Teton Pass já ní June 2024, tí apá kan títì ọ̀hún ya wálẹ̀ lódindi, odindi ìlú ló mọ̀ ọ́n lára láàárín ọjọ́ kan, nítorí àwọn tó ń mú ìlú náà ṣiṣẹ́ ò sí nínú ìlú.

Àwọn wọ̀nyẹn ò dìbò ní Teton ti Wyoming. Obìnrin kan tá a jọ ń ṣe ṣíìfù, ìdílé wọn ti wà ní àfonífojì yẹn tipẹ́, bàbá bàbá ẹ̀ sin màlúù níbẹ̀. Nígbà tí owó orí ilẹ̀ àti ti ilé ti ga ju ohun tí wọ́n lè san, wọ́n ta nǹkan díẹ̀ tí wọ́n ní, wọ́n kó lọ sí Alpine nínú kántì Lincoln. Ọjọ́ kan tá à ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, èmi dì í mú lápá ọ̀hún, òun dì í mú lápá ìhín, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ ìbò lórí rédíò pé Jackson ti di ti Democrat, ló bá sọ fún mi pé, "Ibi tí wọ́n bí mi sí ni mo ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fáwọn àlejò, àmọ́ mi ò lè dìbò níbẹ̀." Kò bínú tó fi sọ ọ́, ó kàn ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Trump lòun dìbò fún, kò fi pa mọ́. Kántì Lincoln fún Trump ní ohun tó lé ní 80% ní 2020. Ìbò obìnrin yìí ò sọnù, ó kàn kó kúrò lórí káńtà kan lọ sórí òmíràn ni, àmọ́ àwọn tó ń wo máàpù á ní àwọn ará Jackson ti "yí èrò wọn padà."

Mi ò ní parọ́ pé gbogbo àwọn tí wọ́n tì jáde ló jẹ́ Republican. Àwọn tó gba apá Idaho lọ, ọ̀tọ̀ ni tiwọn, kántì kan wà ní Idaho tóun náà ń jẹ́ Teton, ó ti ń di búlúù, ní 2020 ó wà lára kántì mẹ́ta péré tí Biden ti jẹ ní gbogbo Idaho, pẹ̀lú Blaine àti Latah. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn kì í dìbò níbì kankan. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Mexico tó wà ní Jackson, láti Tlaxcala ni wọ́n ti wá, pàápàá láti abúlé San Simeón, wọ́n ti ń wá láti bí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n ń sanwó orí, ìlú náà ò lè ṣí fún ọjọ́ kan láìsí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ìwé tó lè jẹ́ kí wọ́n dìbò. Tẹ́ ẹ bá rí 67% lórí ìwé, ẹ rántí pé àwọn tí wọ́n kà ni wọ́n kà.

Ibi ìgbafẹ́ míì náà rí bẹ́ẹ̀ o. Pitkin ní Colorado, ibi tí Aspen wà. Blaine ní Idaho, ibi tí Sun Valley wà, òun nìkan ni Kerry ti jẹ ní gbogbo Idaho ní 2004, bíi ti Teton ní Wyoming lọ́dún kan náà. Summit ní Utah, ibi tí Park City wà. Òkè, yìnyín, owó, Democrat. Èèyàn á fẹ́ sọ pé òfin ayé ni, títí tó fi máa dé Collier ní Florida, ibi tí Naples wà, òkun ló wà níbẹ̀ dípò òkè, owó wà níbẹ̀ bí ẹrùpẹ̀, Florida náà ò gba owó orí lórí owó tó ń wọlé, Trump sì gba ohun tó lé ní 60% níbẹ̀ ní 2020. Àwọn olówó tó lọ sí Naples ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń wá oòrùn. Àwọn tó wá sí Jackson kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, ọ̀pọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n fẹ́ràn òkè àti igbó. Owó kan náà, ìbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba àlàyé pé owó ló ń dìbò.

Àwọn Republican olówó ò sì tán ní Jackson náà o. Ní August 2021, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ibi síkì ńlá yẹn wà lára àwọn tó ṣe ìpàdé ìkówójọ fáwọn aṣòfin Freedom Caucus, àwọn Republican tó le jù nílé aṣòfin kékeré, ni Patagonia, kọ́ńpínì tó ń ṣe aṣọ fáwọn tó ń gun òkè, bá ní òun ò ní kó ọjà òun sí ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́. Ní August 2024 Trump fúnra ẹ̀ wá sí Jackson wá kówó jọ. Ó gbowó níbẹ̀, Kamala Harris tó bá a du sì borí níbẹ̀ ní November. Owó tó ti kántì yẹn jáde ṣe ju ìbò wọn lọ, nítorí Wyoming ní ìbò mẹ́ta péré nínú Electoral College, ẹni tó bá sì borí ló ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní gbogbo àgbàlagbà tó wà ní Teton dìbò fún Democrat láìku ẹnì kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣì lọ sọ́dọ̀ Republican.

Ibi tí ìbò wọn ti fẹ́ ní agbára díẹ̀ ni ìbò abẹ́lé, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń yan ẹni tó máa fà kalẹ̀, ìyẹn sì ni ìdílé Cheney tún fi padà wọnú ọ̀rọ̀ yìí. Ní August 2022, Liz Cheney, ọmọ Dick, tó ń ṣojú Wyoming nílé aṣòfin kékeré nígbà yẹn, tó ti dojú kọ Trump lórí ọ̀rọ̀ January 6, ọjọ́ táwọn alátìlẹ́yìn Trump ya wọ ilé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní 2021, du tíkẹ́ẹ̀tì Republican pẹ̀lú Harriet Hageman. Ọ̀pọ̀ Democrat lọ yí orúkọ wọn sí Republican kí wọ́n lè dìbò fún un, òfin gbà á nígbà yẹn. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló gbà ní Teton, ó borí ní Albany náà, gbogbo kántì tó kù ló kọ̀ ọ́, Hageman gba 66% ní gbogbo ìpínlẹ̀. Orí pápá kan ní Jackson ni Liz Cheney dúró sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn tó fi gbà pé òun ti pàdánù. Bí wọ́n ṣe gbìyànjú yẹn dun àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Cheyenne, olú ìlú Wyoming, ní 2023 wọ́n ṣòfin pé téèyàn bá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́ọ̀mù ìdíje ní May, kò sẹ́ni tó lè yí ẹgbẹ́ padà mọ́ títí ìbò abẹ́lé á fi kọjá. Gómìnà Mark Gordon ò fọwọ́ sí i, kò sì dá a dúró, ó di òfin.

Nígbà tó wá di September 2024, Dick Cheney kéde pé Kamala Harris lòun máa dìbò fún. Ọkùnrin tí kántì ẹ̀ kọ̀ ní 2004 ti bá wọn débi tí wọ́n wà, lẹ́yìn ogún ọdún. Wyoming tún fún Trump ní ìdá tó ju ti gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù lọ. Cheney kú ní November 2025.

Ohun tó ń dùn mí nínú gbogbo ẹ̀ kì í ṣe ti ààrẹ pàápàá. Ó pẹ́ táwọn aṣojú Teton ti ń lọ sí Cheyenne lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba àwọn láyè láti máa gba owó orí díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ta ilé olówó gegere, káwọn fi owó yẹn kọ́lé fáwọn òṣìṣẹ́, káwọn èèyàn bí obìnrin tá a jọ ká aṣọ yẹn lè padà wá máa gbé níbi tí wọ́n bí wọn sí. Àwọn aṣòfin ti kọ̀ ọ́ léraléra. Wọ́n lè dìbò fún ààrẹ tó wù wọ́n ní Jackson, àmọ́ wọn ò lè fi ìbò wọn gba kọ́bọ̀ kan lórí ààfin tí wọ́n bá tà ládùúgbò wọn, bọ́ọ̀sì sì ń gun Teton Pass láràárọ̀.